Òwú Pupa

Àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa ẹ̀gbọ́n mi obìnrin:
"Ṣé Mùtíátù ló ń wa bàálù ọ̀hún?"
Mo ní rárá o.
Ẹni tó ń wà á, ẹ̀gbọ́n mi ló ń rán an níṣẹ́.
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó bi bàálù léèrè
ibi tó ti ń dùn ún
kí èrò tó wọ̀ ọ́.

Bàbá wa ń kan ọkọ̀ ojú omi l'Ẹ̀pẹ́,
ní ìsàlẹ̀ ọjà ẹja, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń mú ni lẹ́sẹ̀.
Èmi ni wọ́n gbé òòlù fún.
Òun ni wọ́n ní kó máa gbá èérún igi.
Ó ń gbálẹ̀, ó ń wo omi:
"Bàbá, kí ló dé tí omi fi ń gba imú ọkọ̀ kọjá jẹ́ẹ́jẹ́,
tó bá wá dé ìdí, á máa pariwo?"
Bàbá ní, "Gbálẹ̀, jàre."
Ó gbálẹ̀.
Lóru ọjọ́ náà mo gbọ́ tí Bàbá ń sọ fún Ìyá
pé ọmọ yìí ti béèrè ohun tí òun ò mọ̀.

Ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ó fi àwòrán ránṣẹ́:
apá bàálù kan, funfun báláú,
ó lẹ òwú pupa mọ́ ọn lára, ẹyọ kọ̀ọ̀kan gùn bí ìka,
wọ́n lé ní igba,
bí ẹni ń tún àwọ̀n ṣe, tó sú u, tó fi í sílẹ̀.
Ìyá ní, "Ṣé ibi tí owó ilé-ìwé wa lọ nìyí? Òwú ìránṣọ?"

Ó pè wá, ó ṣàlàyé
pé afẹ́fẹ́ ò ṣeé rí, òwú ló ń tú àṣírí rẹ̀.
Bí òwú bá sùn lé apá, tí gbogbo wọn kọjú sẹ́yìn,
ara ọkọ̀ yá.
Bí wọ́n bá dìde, tí wọ́n ń jà
bí irun ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun,
afẹ́fẹ́ ti fẹ́ kọ apá sílẹ̀ nìyẹn,
bàálù ti fẹ́ di òkúta.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n dìde.
Ó jókòó sílẹ̀ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé,
awakọ̀ wà lókè, ní ogún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà.
Ọ̀gá mẹ́fà tò sẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin ni gbogbo wọn,
wọ́n ní kó jẹ́ kó lọ sí i díẹ̀, owó ti bá a lọ.
Ẹ̀gbọ́n mi rí òwú mẹ́ta ní kọ̀rọ̀ apá òsì.
Mẹ́ta péré.
Ó tẹ bọ́tìnì, ó ní kó dá a padà.
Oṣù mẹ́rin lẹnikẹ́ni ò fi kí i dáadáa níbi iṣẹ́,
títí wọ́n fi tú apá náà, tí wọ́n rí ibi tí irin ti sán.
Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì.
Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é sí ìpàdé.

Nígbà tí Bàbá kú, ọjọ́ kẹjọ ló tó dé.
Ẹ̀sìn wa kì í fi òkú dúró de bàálù.
Kò sunkún lójú mi. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi.
Ọkọ̀ tí Bàbá kàn dé ìdajì,
mo ti parí i, mo ti so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn,
kò sáré, epo ló kàn ń mu.
Ó béèrè gáàmù. Ó fa òwú pupa yọ nínú báàgì.
A tì í sómi,
ó dojú bolẹ̀ létí ọkọ̀ kejì, ìbòrí rẹ̀ rin gbindin.
Omi ọ̀sà ò mọ́, ṣùgbọ́n pupa ń hàn.
"Ibí," ó ní. Ó fi èékánná fa ìlà.
Mo gbé ìfági. Ohun tí mo fá ò nípọn tó àtàǹpàkò.

Ó ti padà síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ ń ná ọ̀nà Ẹ̀jìnrìn,
gálọ́ọ̀nù mẹ́ta ń ṣe ohun tí márùn-ún ń ṣe.
Òwú kan ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀. Mi ò yọ ọ́.
Omi ṣì ń pariwo díẹ̀ níbẹ̀.
N ó bi í léèrè tó bá pè.